Lọ́hùn-ún Ló Yẹ Kí Olùkọ́ Fi Ṣàlàyé “Over” àti “Back”

Káfíńtà kan ń kan páànù sórí ilé. Nígbà tí oòrùn mú, ó sọ̀ kalẹ̀, ó jẹun, ó mu omi, ó sì tún gun àkàsọ̀ padà. Bí wọ́n bá bi ìyá onílé pé níbo ni káfíńtà wà, á ní, “Ó ti tún gorí òrùlé.” Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, tó sì gbọ́ ọ dáadáa, ohun tí yóò sọ ni “He’s back up on the roof.” Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló tò síwájú òrùlé yẹn. “On” ní orí rẹ̀ ni káfíńtà wà, kì í ṣe inú àjà. “Up” ní kí ẹni tó béèrè gbójú sókè. “Back” ní ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó kúrò, ó sì ti tún débẹ̀. Kò sí èyí tó ń ṣe iṣẹ́ èkejì rẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Síbẹ̀, ọmọ tó bá kọ irú gbólóhùn yìí sínú àròkọ lè rí bírò pupa lára rẹ̀. Olùkọ́ á ní òrùlé kì í kúkú sí nísàlẹ̀, kí ni “up” tún ń wá níbẹ̀? Ohun tó bí èyí yé èèyàn. “Return back” àti “reverse back” ni olùkọ́ ti ń bá jà láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì jàre: “return” ti ní ìpadà nínú, “back” kàn ń tún un wí ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ “return back” kò kan “back in March”. Nínú “in March”, kò sí ohun tó sọ bóyá oṣù Kẹta náà ti kọjá tàbí ó ń bọ̀. “Back” ló gbé ìyẹn wá. Ẹni tó bá gé e kúrò ti gé ọ̀rọ̀ tó ń ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ tí “back”, “up”, “over” àti irú wọn ń ṣe ni pé wọ́n ń sọ ibi tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dúró sí. “In London” sọ ibi tí nǹkan wà, ó parí. “Over in London” fi kún un pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò sí níbẹ̀, àti pé nǹkan wà láàárín òun àti ibẹ̀, ìbáà jẹ́ òkun, ìbáà jẹ́ ilẹ̀. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tó ń ṣe iṣẹ́ yìí gan-an, ọmọ kékeré sì mọ̀ ọ́n lò kó tó dé ilé ìwé: lọ́hùn-ún. Ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́hùn-ún. Ti Yorùbá ń tẹ̀lé orúkọ ibi, ti Gẹ̀ẹ́sì ń ṣíwájú. Ẹni tó jókòó sí Èkó fúnra rẹ̀ kì í ní “ní Èkó lọ́hùn-ún”, bẹ́ẹ̀ náà ni kò lè ní “over in Lagos”. Òfin kan náà ló de méjèèjì.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lórí bí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo tó, kó wo ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe sí orúkọ Nàìjíríà. Ará Lọ́ńdọ̀nù tí kò débẹ̀ rí á ní “over in Nigeria”. Ọmọ Yorùbá tí ilé wọn jọ kangun síra ní Peckham á ní “back in Nigeria”, nítorí ibẹ̀ ló ti wá, ibẹ̀ náà ló sì ń pè nílé nígbà tó bá ń bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù pé báwo ni nǹkan nílé. Àwọn òyìnbó ayé ìjọba amúnisìn ní tiwọn máa ń ní “out in Nigeria”, “out in India”: Bírítéènì ni ilé, gbogbo ibòmíràn jẹ́ ìta. Orílẹ̀-èdè kan, ibi ìdúró mẹ́ta. Nítorí náà, bí ọmọ Ìbàdàn bá jókòó sí Mọ̀kọ́lá tó ń kọ “out here in Nigeria”, kò sí gírámà tó máa fi igi lé e, àmọ́ ó ti kọ́kọ́ lọ dúró sí Lọ́ńdọ̀nù kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó sì ti pe ilé ara rẹ̀ ní ìta. Ọ̀rọ̀ báyìí tó ohun tí olùkọ́ ń fi odindi wákàtí kan ṣàlàyé ní kíláàsì.

“Up” àti “down” náà ní tiwọn, kì í sì í ṣe òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan. Lójú irin Bírítéènì, ọkọ̀ tó bá ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ni “up”, èyí tó ń kúrò níbẹ̀ ni “down”. Ọkọ̀ tó gbéra ní Edinburgh, tó kọjú sí gúúsù, “up train” ni láìfi ti máàpù ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọlé sí Oxford ti “go up”, èyí tí wọ́n bá lé kúrò ni wọ́n ti “send down”. Yorùbá tó bá gbọ́ èyí kò yẹ kó ya ẹnu, torí ará Èkó ló ń pe àwọn tó wà lókè ilẹ̀ ní ará òkè, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé orúkọ aṣọ òkè ti jáde. Èkó ni ẹni tó sọ ọ́ dúró sí, létí omi. Bákan náà, ìhà ìsàlẹ̀ odò Ọya ni ẹni tó kọ́kọ́ pe Òkè Ọya ní Òkè Ọya dúró sí.

Ti àkókò kò gùn. “Back in 1960” ni “ní ọdún 1960 lọ́hùn-ún”, “on into the night” sì ni ohun tí Yorùbá ń gbé lé ọ̀rọ̀-ìṣe lọ́wọ́: wọ́n jó títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n tún ń jó lọ. Lọ́hùn-ún kan náà tó ń sọ jíjìnnà ilẹ̀ ló ń sọ jíjìnnà ọjọ́, ohun tí “back” náà sì ń ṣe nìyẹn: “back at the house” fún ibi téèyàn ti kúrò, “back in 1960” fún ìgbà téèyàn ti kúrò nínú rẹ̀.

Àwọn atúmọ̀ èdè ló ń jìyà àìmọ èyí jù. Ẹni tó bá túmọ̀ “back in 1999” sí “padà ní ọdún 1999” ti kọ ohun tí Yorùbá kankan kì í sọ, síbẹ̀ irú rẹ̀ ń wọnú ìròyìn àti ìwé, pàápàá níbi tí wọ́n bá ti fi kọ̀ǹpútà túmọ̀ láìtún un kà. “Nísàlẹ̀ ní Texas” fún “down in Texas” náà ń bẹ, bí ẹni pé abẹ́ ilẹ̀ ni Texas wà. Ìtumọ̀ tó tọ́ ti wà lẹ́nu ìyá àgbà: ní Texas lọ́hùn-ún.

Òótọ́ ni pé lọ́hùn-ún kò lè dá gbogbo rẹ̀ gbé. Níbi tí ojú bá ti lè rí òkè tàbí ìta, Yorùbá ń to àpólà méjì léra: ó wà lókè nínú yàrá rẹ̀, wọ́n wà níta lábẹ́ igi. Ìyẹn kò yàtọ̀ sí “up in his room” àti “out under the tree”. Níbi tí ìrìn bá wà, ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń gbé e: gùn, sọ̀, yọ, padà. Onímọ̀ èdè Leonard Talmy ti fi hàn láti 1985 pé àwọn èdè kan ń fi ọ̀nà tí ìrìn gbà sínú ọ̀rọ̀-ìṣe, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi í sínú irú ẹyọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Àwọn onígírámà kò tíì fẹnu kò lórí orúkọ wọn pàápàá. Quirk àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pè wọ́n ní àpọ́nlé ní 1985, Huddleston àti Pullum sì kó wọn sábẹ́ atọ́kùn nínú ìwé ńlá tí Cambridge tẹ̀ ní 2002. Àríyànjiyàn àwọn àgbà nìyẹn, kò kan ọmọ SS2. Ohun tó kan ọmọ ni kó lè bi gbólóhùn léèrè pé: ta ló ń sọ̀rọ̀, níbo ló sì wà?

Kí olùkọ́ kọ “My father is in Kano” sójú pátákó. Kó kọ “My father is up in Kano” sí abẹ́ rẹ̀, kó wá bi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pé níbo ni ẹni tó sọ gbólóhùn kejì wà. Ọmọ náà á dáhùn pé ìsàlẹ̀ ni, bóyá Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, bóyá Èkó. Bí ẹlòmíràn bá wá béèrè pé bí onítọ̀hún bá wà ní Kàtsínà ńkọ́, kí olùkọ́ na ṣọ́ọ̀kì sí i, kí òun fúnra rẹ̀ wá kọ “down”.