Àṣírí Ta Ni Ìjọba Ń Pa Mọ́?

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ará ìlú bá jáde láti ọ́fíìsì ìjọba, aláǹgbá ni gbogbo wa máa ń sáré lé: ọmọ Yàhúù, olè orí íntánẹ́ẹ̀tì. N kò ní kí a má lé wọn. Ṣùgbọ́n ta ló la ògiri?

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ẹgbẹ́ Paradigm Initiative, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ará ìlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kéde pé àwọn kan ń ta NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 100 náírà péré. Wọ́n ní àwọn rí ti Bosun Tijani rà, ẹni tó jẹ́ mínísítà ètò ìbánisọ̀rọ̀ àti ọrọ̀ ajé orí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà! NIMC, àjọ tó ń fún ará ìlú ní NIN, fèsì pé kò sẹ́ni tó jalè wọ ọ̀dọ̀ àwọn. Ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀. Èsì yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù, nítorí bí kò bá sí olè tó wọlé, a jẹ́ pé ẹni tí wọ́n fún láṣẹ láti wo àkọsílẹ̀ wa ló fi àṣẹ náà ṣòwò.

Nítorí náà, ó yẹ kí òṣìṣẹ́ ìjọba pa àṣírí wa mọ́. Àwọn kan á ní bí a bá ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba pa ẹnu mọ́, àwọn tó ń kówó ìlú jẹ ló máa gbádùn. Ẹ̀rù wọn tọ́. Òfin àṣírí ìjọba ti 1962 lè sọ akọ̀wé sẹ́wọ̀n ọdún 14; ìdí nìyẹn tí a fi jà títí tí òfin òmìnira ìròyìn fi dé ní 2011. Ṣùgbọ́n òfin 2011 yẹn náà pààlà: iye tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ títì jáde, ti gbogbo wa ni, àìsàn tó ń ṣe ìyá arúgbó ní ọsibítù ìjọba, tirẹ̀ ni. Lọ béèrè owó títì wò, wọ́n á ní àṣírí ìjọba ni. Fáìlì ìyá arúgbó ńkọ́? Ó wà lórí tábìlì, ẹni tó wá ta ẹ̀pà lè kà á.

Ọdún 61 kọjá lẹ́yìn òfin 1962 kí òfin tó dìídì dáàbò bo dátà ará ìlú tó dé, ní 2023. Ó ní kí iléeṣẹ́ tí dátà bá jò lọ́wọ́ rẹ̀ fi tó NDPC, àjọ tó ń bójú tó ààbò dátà, létí láàárín wákàtí 72. Ó dára, àmọ́ ó ti jò ná. Kí ó má bàa jò rárá, kí àwọn òṣìṣẹ́ gbogbo ọ́fíìsì jáwọ́ nínú jíjọ lo pásíwọọ̀dù kan ṣoṣo. Kí orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá ṣí àkọsílẹ̀ ẹlòmíì hàn lára rẹ̀, kí ẹni tó ni ín sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí onítọ̀hún wá débẹ̀.