Màmá, ẹ má tíì sunkún: bàálù ṣì wà lójú òkun!

Oorun kì í kun àwọn ìyá kan ní GRA Ìlọrin lálẹ́ ọjọ́ tọ́mọ wọn bá wọ bàálù l'Ékòó, tó forí lé New York. Ká ní oṣù keje ni. Wọ́n á ka tíkẹ́ẹ̀tì fún Màmá: aago mọ́kànlá alẹ́ ni yóò gbéra, aago márùn-ún ìdájí ni yóò balẹ̀. Màmá á ṣírò ẹ̀: wákàtí mẹ́fà! Kò kúkú jọ ọ́ lójú, torí bàálù tó ń gbé àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà láti pápákọ̀ Ìlọrin dé Jeddah kì í lò ju bíi wákàtí márùn-ún lọ. Tó bá wá di aago méje àárọ̀ tí fóònù ò dún, ariwo ta nìyẹn, wọ́n á ti ránṣẹ́ pe áàfáà.

Bẹ́ẹ̀, kò séwu níbì kankan. Ìlọrin sí Jeddah ò ju bíi 4,000 kìlómítà lọ. Èkó sí New York lé ní 8,400, òkun Àtìláńtíìkì ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Bíi wákàtí 11 gbáko ni! Aago òyìnbó ló rẹ́ Màmá jẹ. Nígbà ooru wọn, wákàtí márùn-ún ni aago New York fi kẹ́yìn ti Nàìjíríà. Nígbà òtútù, mẹ́fà ni. Aago márùn-ún ìdájí ọ̀hún, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni n'Ílọrin.

Àbọ̀ máa ń yá díẹ̀, torí afẹ́fẹ́ òkè á máa ti bàálù lẹ́yìn. Tàtijọ́ gan-an ló le: láti 1993 títí di ìparí 1999 tí Amẹ́ríkà fòfin de bàálù tó ń ti Èkó lọ síbẹ̀ tààrà, àfi kéèyàn kọ́kọ́ yà ní Lọ́ńdọ̀n tàbí Amsterdam.

Kí Màmá fi áàfáà sílẹ̀ di ọ̀sán. Ọmọ tó balẹ̀ ṣì máa tò síwájú àwọn tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò, kó tó ráàyè tan fóònù.