Kí wọ́n tó fọ́ àpáta, ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí mìmì rẹ̀ máa dé

Lálẹ́ ọjọ́ 16, oṣù Kìíní, ọdún 2024, nǹkan bú gbàù ní Bódìjà, Ìbàdàn. Àwọn tó jìnnà síbẹ̀ gbọ́ ọ, ilé mì. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó ohun abúgbàmù pamọ́ sínú ilé. Gbogbo wa sọ̀rọ̀ àdó. Ọ̀nà tí mìmì ń gbà dé ilé onílé ni a kò sọ.

Ẹ wò ó báyìí. Tí wọ́n bá ń ṣe òde ní Bẹẹrẹ lóru, ẹni tó sùn sí Beyerúnká kì í gbọ́ orin yẹn tán. Béèsì nìkan ló máa gbọ́: gbì, gbì, gbì. Ohùn tínínrín ti kú sọ́nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbì inú ilẹ̀. Àpáta líle tí kò sán kì í tètè pa á. Èyí tó ti sán ló máa ń gbé e mì. Nígbà mìíràn, inú ibi tó sán yẹn ni góòlù wà. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń wá kùsà fi máa ń fi òòlù ńlá lu ilẹ̀, tí wọ́n á to geophone sílẹ̀, tí wọ́n á sì wọn bí ìgbì ṣe ń rẹ̀ láti orí ọ̀kan dé èkejì.

Iye tí wọ́n bá rí tún wúlò fún nǹkan mìíràn: èèyàn lè fi ṣírò bí mìmì àdó ṣe máa le tó nígbà tó bá dé ilé tó wà nítòsí. Iléeṣẹ́ ní in lọ́wọ́. Onílé ò ní in.

Ibi tó ti kan òfin nìyí. Abala 131 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kí ilé ẹjọ́ dá òun láre ló máa fìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ìyá àgbà tí ògiri rẹ̀ sán, kí ló fẹ́ fi han adájọ́? Fọ́tò? Lọ́yà iléeṣẹ́ á ní òjò ló fà á.

Ẹ gun òkè Màpó, kí ẹ wo ògiri amọ̀ tó fara ti ara wọn dé Ọjà'ba. Kì í ṣe pé ẹnìkan fẹ́ wa kùsà níbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n irú ilé bẹ́ẹ̀ wà ní Òkè-Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń wa líthíọ̀mù.

Àwọn kan á ní kùsà jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Òótọ́ ni, òfin 1999 sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ilé tó ń sán, ti ará Ọ̀yọ́ ni. Kí Àbújá má fún ẹnikẹ́ni láṣẹ àdó mọ́ àyàfi tó bá kọ́kọ́ yẹ ilé àdúgbò wò, tó gbé ẹ̀rọ sẹ́bàá ilé tó sún mọ́ jù, tó sì lẹ iye tó rí mọ́ ara ògiri káńsù àti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ wa tó ń kẹ́kọ̀ọ́ jíọ́lọ́jì ní Yunifásítì Ìbàdàn lè bá wa kà á.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́ orí. Iye yẹn ni ojú tiwa. Ẹ gbé e síta.