Egungun Àbùùbùtán Lọ́ńdọ̀nù Kì Í Ṣe Ayédèrú



Ẹni tó kọ̀wé sí ìwé ìròyìn yín pé ayédèrú ni egungun àbùùbùtán tó wà ní Natural History Museum, àti pé wáyà lásán ni wọ́n fi so ó kọ́, kò sọ òtítọ́.

Ọdún 1891 ni ẹran náà gúnlẹ̀ sórí iyanrìn ní Wexford, ní Ireland. Ní 1934 ni wọ́n gbé egungun rẹ̀ kọ́ fún aráyé wò. Kí wọ́n tó gbé e wá sí gbọ̀ngàn àbáwọlé ní 2017, wọ́n tú egungun 221 palẹ̀, wọ́n nù wọ́n, wọ́n sì tún èyí tó sán ṣe. Iṣẹ́ ńlá ni! Òróró máa ń wà nínú egungun àbùùbùtán. Bí wọn kò bá yọ ọ́ dáadáa, yóò máa sun jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún, eruku yóò sì máa lẹ̀ mọ́ ọn. Irin tó gbé e ró gbọ́dọ̀ tẹ̀ bí ẹ̀yìn ẹran náà ṣe ń tẹ̀ tó bá ń bẹ́ lu oúnjẹ, ó sì gbọ́dọ̀ lágbára, nítorí tọ́ọ̀nù mẹ́rin àbọ̀ ló wà lókè orí àwọn àlejò.

Dippy, àwòkọ egungun dáínósọ̀ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, gan-an ni wọ́n fi pílásítà mọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ ẹni yẹn nínú ìwé ìròyìn yín.

Òǹkàwé yín ní Lọ́ńdọ̀nù