Ẹ̀RỌ OMI TÓ Ń JÒ Ń JẸ OWÓ OṢÙ WA



Àwọn kan yóò bi wá pé kí ló kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi ilé ìdáná. Wọn yóò ní kí a má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. Èsì wa nìyí. Ní ọdún 1981, àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà daṣẹ́ sílẹ̀ kí òfin tó sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di náírà 125. Ní oṣù keje ọdún 2024, lẹ́yìn ìjà mìíràn, òfin sọ ọ́ di náírà 70,000. Owó tí a fi ìyà gbà lọ́wọ́ ọ̀gá, ṣé ó yẹ kí onílé gba ẹ̀yìnkùlé wá gbà á padà?

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Oṣù mẹ́ta ni ẹ̀rọ omi ilé ìdáná wọn fi ń jò. Onílé ní ẹni tó ń lò ó ni kó tún un ṣe. Nígbà tí ariwo pọ̀, ó rán ẹnìkan tí kò kọ́ṣẹ́ púlọ́mbà wá. Ọ̀gbẹ́ni náà fi sípánà ńlá fi tipátipá yí ẹ̀rọ tuntun wọ ẹnu páìpù oníke tó ti gbó. Lóru ọjọ́ náà, páìpù là nínú ògiri. Omi ba gàrí àti èlùbọ́ jẹ́, ó sì rin ìwé àwọn ọmọ gbingbin. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, onílé pín owó àtúnṣe fún gbogbo ayálégbé. A kò gbà!

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹ gbé abọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń jò fún wákàtí kan. Bí ó bá gba lítà kan péré, lítà 24 ni lójúmọ́, 720 ni lóṣù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Nínú ilé tí a ti ń fi iná tàbí epo fa omi láti inú kànga, ta ló ń san owó ìfami yẹn? Ayálégbé ni.

Àwọn onílé kan ní kí a kúkú dí ẹ̀rọ náà pa. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ohun tí a so mọ́ ògiri, ti ilé ni. Bí a bá ń kó lọ, a kì í tú u dání. Ẹni tí ilé jẹ́ tirẹ̀ ni kó fi ẹ̀rọ tó dára síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a bá ara wa sọ òótọ́. Àwa náà fẹ́ràn ọjà pọ́ọ́kú. Ẹ̀rọ tó fúyẹ́ bí ewé tí a rà lónìí, a ó tún un rà lọ́la. Iṣẹ́ yìí kò le, ó kàn ní ìlànà ni. Ẹ kọ́kọ́ ti omi pa, kí ẹ sì ṣí ẹ̀rọ kí èyí tó kù nínú páìpù dà nù. Fi sípánà kan di páìpù mú, kí o fi èkejì tú ẹ̀rọ àtijọ́. Nu ẹnu ibi tí a ń yí, kí o wé tépù funfun mọ́ ọn síhà ibi tí ẹ̀rọ yóò yí sí. Fi ọwọ́ yí i wọlé kí sípánà tó fún un díẹ̀. Bí ẹ bá fi gọ́ọ̀mù lẹ páìpù tuntun, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó ṣí omi. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bébà gbígbẹ nu oríkèé rẹ̀. Bí bébà bá tutù, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ìjọba náà kò gbọdọ̀ fara pamọ́ sẹ́yìn onílé. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pe ọdún 1981 sí 1990 ní ẹ̀wádún omi mímu. Ní ọjọ́ 28 oṣù keje ọdún 2010, orílẹ̀-èdè 122 dìbò pé omi mímọ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn. Kò sí ọ̀kan tó dìbò lòdì sí i. Nígbà tí yunifásítì Ifẹ̀ nílò omi, wọ́n sé odò Ọ̀pá fún un. Nítorí náà, ohun tó ṣeé ṣe ni. Ẹ̀rọ tó dán láìsí omi, ọ̀ṣọ́ ògiri lásán ni.

Ohun tí a ń béèrè rèé: kí onílé máa san owó ẹ̀rọ àti páìpù tó gbó, kí ó jẹ́ púlọ́mbà tó kọ́ṣẹ́ ni yóò fọwọ́ kàn án, kí ìjọba mú kí omi máa ṣàn. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ kọ ìwé sí onílé yín, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́, ẹ gba rìsíìtì owó tí ẹ bá san. Kí ayálégbé ilé kan má dá lọ bá onílé. Ẹ jọ lọ ni.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ kò ní túká o!