Ẹ̀rọ Tí Ń Mú Ohùn Dùn: Ẹ Jẹ́ Kí A Rà Á, Ṣùgbọ́n Kí A Mọ Ibi Tí A Ó Ti Lò Ó

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó dá ọmọ ènìyàn, tí ó sì fi ohùn ta á lọ́rẹ. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ọmọ kéú wa, àti ẹ̀yin ìjọ mọ́ṣáláṣí, ọ̀rọ̀ kan ni a fẹ́ bá yín sọ ní ọdún yìí. Níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́ tí a ṣe kẹ́yìn, àwọn òbí kan dá a lábàá pé kí a dáwó ra ẹ̀rọ kékeré kan tí akọrin máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí ó máa ń tún ohùn ṣe kí ó tó dé inú sípíkà. Wọ́n ní àwọn ilé kéú mìíràn ti ní in, wọ́n sì ń fi orin wọn gba ojú wa níbi wòlímọ̀. Àwọn kan fara mọ́ ọn, àwọn mìíràn ní àdádáálẹ̀ ni. Èrò tiwa ni pé kí a rà á. Ṣùgbọ́n kí a tó rà á, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe.

Okùn makirofóònù ni a ń kì bọ inú ẹ̀rọ yìí, okùn mìíràn a sì ti ara rẹ̀ lọ sí ara míkísà. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́rin ni ó gbajúmọ̀. Èkíní, ó ń dá ohùn padà bí ìgbà tí ènìyàn pariwo sí ara àpáta. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun: ní ọdún 1974, ilé iṣẹ́ Roland ti ilẹ̀ Japan ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní Space Echo, téèpù sì ni ó ń yí nínú rẹ̀ tí ó ń dá ohùn náà padà. Lónìí, kọ̀ǹpútà kékeré tí ó wà nínú àpótí tí kò ju páálí bàtà lọ ni ó ń ṣe é. Èkejì, ó ń fẹ ohùn lójú bí ẹni pé inú gbọ̀ngàn ńlá ni a ti ń kọrin. Ẹ̀kẹta, ó ń sọ ohùn ẹnì kan di ohùn mẹ́ta, kí ó lè dà bíi pé ègbè wà. Ẹ̀kẹrin, ó ń fa ohùn tí ó bá ṣìnà padà sí orí orin. Andy Hildebrand ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó gbé irú èyí jáde ní ọdún 1997, tí ó pè é ní Auto-Tune. Kí ó tó ṣe é, ìṣirò ìró ni ó fi ń bá àwọn ilé iṣẹ́ epo wá epo lábẹ́ ilẹ̀.

Àǹfààní wà nínú rẹ̀, a kò sẹ́. Bí ọmọ ọdún mẹ́wàá bá ń kọrin wákà lábẹ́ kánópì ní gbangba pápá, kò sí ògiri tí yóò dá ohùn rẹ̀ padà. Ohùn náà á gbẹ, á sì tín-ín-rín. Bí a bá fi ẹ̀rọ yìí kún un díẹ̀, ara àwọn olùgbọ́ á balẹ̀, ọmọ náà kò sì ní máa lọgun. Àǹfààní mìíràn ni pé ẹsẹ̀ akọrin fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe ìjọba lórí ẹ̀rọ náà. Bí ó bá ń kọrin, á tẹ̀ ẹ́ kí ó ṣiṣẹ́. Bí ó bá fẹ́ kí àwọn àgbà tàbí kí ó ṣe àdúrà, á tún un tẹ̀ kí ó dákẹ́, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè já gaara.

Ṣùgbọ́n àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ìró máa ń rin nǹkan bí mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tí ó bá dúró ní mítà 17 sí ògiri, ohùn rẹ̀ á lọ, á sì padà bọ̀ láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Nítorí náà, gbọ̀ngàn tí a fi sìmẹ́ńtì àti táìlì ṣe ti ń dá ohùn padà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá tún tan ẹ̀rọ níbẹ̀ ń bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ tí ó ti níyọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ á dàpọ̀, sípíkà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

Ẹ tún wo èyí tí ń fa ohùn sí orí orin. Ìpele ohùn 12 tí ó wà lára dùùrù ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe òdiwọ̀n rẹ̀. Orin Lárúbáwá bíi ti Rast àti Bayati ní ìpele tí dùùrù kò ní. Èdè Yorùbá tiwa náà, ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ ni ó fi ń sọ̀rọ̀. Ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́, ọkọ́ sì yàtọ̀ sí ọkọ̀. Ẹ̀rọ kò gbọ́ Yorùbá. Níbi tí akọrin wákà bá ti rọra yọ́ ohùn sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè yé ènìyàn, ẹ̀rọ lè rò pé ó ṣìnà ni, kí ó sì nà án tọ́.

Ti Àlùkùránì ni ó wá ga jù. Nínú Súrà Al-Muzzammil, áyà 4, Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí a rọra ké e ní ẹsẹẹsẹ. Ẹni tí ó bá pe qalb, tí í ṣe ọkàn, bíi kalb, ajá ni ó pè. Madd tí ó yẹ kí ó jẹ́ ìwọ̀n méjì, bí ohùn bá ń padà lẹ́yìn rẹ̀, á di mẹ́rin létí olùgbọ́. Lẹ́tà kan á dà bí ẹni pé a pè é lẹ́ẹ̀mejì. Ta ni ó wá fẹ́ dáhùn fún àfikún yẹn?

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwa gan-an. Níbi wòlímọ̀ kan tí a ṣe ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a yá irú ẹ̀rọ yìí. Ọmọkùnrin kan ni a fà kalẹ̀ láti ké Súrà Ar-Rahmán. Ẹ̀rọ ń dún, àwùjọ ń ké Allāhu Akbar, owó ń rọ̀ bí òjò. Nígbà tí ó dé àárín, iná lọ. Ọmọ náà kò dúró, ó ń ké e lọ. Ìgbà náà ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé Háà tí ó yẹ kí ó ti àárín ọ̀fun jáde, ìsàlẹ̀ ọ̀fun ni ó ti ń pè é, bẹ́ẹ̀ orúkọ súrà náà gan-an ni lẹ́tà yẹn wà. Àwọn àáfà tí ó jókòó níwájú ń wo ara wọn lójú. Ojú tì wá, kì í ṣe nítorí ọmọ, bí kò ṣe nítorí àwa tí a kọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi dán an wò, inú ẹ̀rọ ni a ti ń gbọ́ ọ, adùn ohùn sì bo àṣìṣe mọ́ wa létí.

A rántí ìtàn Ànábì wa, ìkẹ́ Ọlọ́hun kí ó máa bá a, nígbà tí ó kọjá lọ́dọ̀ ẹni tí ń ta oúnjẹ lọ́jà. Ó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì náà, ó sì bá ọ̀rinrin nísàlẹ̀. Ó bi olówò náà léèrè ìdí tí kò fi kó èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i. Èyí tí ó tutù lẹ́nu ọmọ wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ẹ̀rọ bò ó mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, àdéhùn mẹ́ta ni a fẹ́ kí ó tẹ̀lé owó tí a ó dá. Èkíní, ìdánrawò gbogbo yóò jẹ́ láìsí ẹ̀rọ. Ọmọ kan á dúró ní ìpẹ̀kun pápá kan, olùkọ́ á dúró ní ìpẹ̀kun kejì, bí ọ̀rọ̀ kò bá já gaara, kò tíì yá. A kò ní kí ọmọ kéú lọ di onífújì o, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé wéré ni Sikiru Ayinde Barrister, tí ó papòdà ní ọdún 2010, fi bẹ̀rẹ̀ ní kékeré. Àwọn ajíwéré a máa jí ènìyàn sí sààrì, kò sì sí ẹ̀rọ kankan lẹ́sẹ̀ wọn. Èkejì, orin nìkan ni a ó fi ẹ̀rọ náà kọ, níwọ̀nba, ègbè yóò sì jẹ́ ti àwọn ọmọ fúnra wọn. Bí ẹ̀rọ bá gbè, kí ni iṣẹ́ àwọn ọmọ yòókù tí ó jókòó? Ẹ̀kẹta, tí wọ́n bá ti fẹ́ ké Àlùkùránì, kí a pa á. Makirofóònù lásán, tí kò ju ìka méjì lọ sí ẹnu, ti tó.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohùn tí ẹ kò bá tọ́ sílé, ẹ̀rọ kò ní rí i bá yín gbé jáde. Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ọmọ bá ń ké, kí ẹ tó ju owó, ẹ kọ́kọ́ dẹ etí sí lẹ́tà.

Kí Ọlọ́hun tún ahọ́n àwa àti àwọn ọmọ wa ṣe, kí Ó sì fi àlùbáríkà sí ilé kéú wa. Àmín.