Inú Ilé Ni Ọwọ́ Ilẹ̀kùn Wà

1. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé fídíò kan síta nípa àwòrán Jésù tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ẹ mọ ohun tójú mi rí nínú kọ́mẹ́ǹtì. Àwọn kan ní mò ń sọ̀rọ̀ òdì. Àwọn kan ní ká lọ dáná sun gbogbo Jésù òyìnbó tó wà ní pálọ̀ àwọn ìyá wa. Ní tèmi o, ìhà méjèèjì ló ṣì í. Èmi fúnra mi sì ti wà ní ìhà kejì yẹn rí.

2. Nígbà tí mo parí agùnbánirọ̀, mo padà sílé, ẹnu mi mú bí abẹ. Àwòrán kan wà ní pálọ̀ wa kí wọ́n tó bí mi: Jésù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kànkùn. Irun gígùn, awọ funfun. Mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká yọ eléyìí jàre. Òyìnbó ló ya ara ẹ̀ síbẹ̀." Wọn ò bá mi jà. Wọ́n kàn ní, "Kí lo rí lára ilẹ̀kùn yẹn?"

3. Mo wò ó dáadáa. Kò sí ọwọ́ lára ilẹ̀kùn náà. Èèyàn ò lè ṣí i láti ìta. Ayàwòrán mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Láàárín àwọn ọdún 1850, William Holman Hunt, ará England, lo àmì yìí nínú àwòrán The Light of the World, tó gbé ka Ìfihàn 3:20. Ní 1942, Warner Sallman ní Amẹ́ríkà ya tirẹ̀, irú ẹ̀ ló sì wà ní ilé wa. Ilẹ̀kùn ọkàn ni. Ẹni tó wà nínú ilé nìkan ló lè ṣí i.

4. Màámi wá sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí. Lẹ́yìn tí a sin Bàbá mi, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ilé ìwé ni mo wà nígbà yẹn. Tí mo bá pè, wọ́n á ní àlàáfíà ni. Irọ́ ni. Àwọn ìyá ìjọ á wá, wọ́n á kànkùn títí, Màámi ò ní dáhùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí ìkànkùn yẹn ṣe ń lọ lọ́wọ́, ojú wọn bọ́ sára àwòrán yìí. "Mo ní háà, ẹni tó wà níta ò lè ṣe é. Èmi ni." Wọ́n bá dìde, wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ìyá kan ló dúró síbẹ̀, ó gbé kúlà oúnjẹ dání. Ọjọ́ náà ni Màámi jẹun gidi.

5. Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Gbogbo ọdún tí mo fi wo àwòrán yẹn, awọ nìkan ni mo rí. Ayàwòrán ló ń fi àmì síbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wò ó náà ń gbé ayé tirẹ̀ wá bá a. Tí ẹ bá dáná sun àwòrán ìyá yín, ẹ béèrè ohun tí ẹ ń sun ná.

6. Ó wá ku ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Jésù dúdú jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Mátíù, Máàkù, Lúùkù àti Jòhánù, èwo nínú wọn ló sọ bí irun Jésù ṣe rí? Kò sí. Júù ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n ti Sallman náà kì í ṣe fọ́tò páásípọ́ọ̀tù. Gbogbo ayàwòrán ló ń fi ojú àti aṣọ àwọn èèyàn rẹ̀ ya ohun tó gbà gbọ́. Kí ló dé tó fi di ọ̀rọ̀ òdì nígbà tó kàn wá?

7. Kì í ṣe àṣà àwọn ọmọ ìsinsìnyí o. Láàárín àwọn ọdún 1960, Bàbá Bruce Onobrakpeya, ọmọ Urhobo tí wọ́n bí ní 1932, ya Ọ̀nà Àgbélébùú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá fún ìjọ Kátólíìkì St. Paul's ní Ẹ̀búté Mẹ́ta. Ní 1969, wọ́n tún ṣe é ní àwòrán títẹ̀ sórí bébà. Èèyàn dúdú ló ń jìyà níbẹ̀, pẹ̀lú ọnà ilẹ̀ wa yí i ká. Ilé ìjọsìn ló gbà á, èèyàn sì ń gbàdúrà níwájú ẹ̀.

8. Ní 2020, lẹ́yìn tí ọlọ́pàá pa George Floyd ní Minneapolis, Kelly Latimore ya Màríà dúdú tó gbé òkú ọmọ rẹ̀ dání. Ó pe àkọlé ẹ̀ ní Mama. Wọ́n bi í pé, Jésù ni àbí Floyd? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní 2021, wọ́n jí ẹ̀dà rẹ̀ kan gbé ní yunifásítì Kátólíìkì kan ní Washington. Ọmọ tí wọ́n pa níwájú gbogbo ayé, ìyá tó ń sunkún: ta ni àwòrán yẹn ò yé?

9. Ẹ̀yin pásítọ̀ wa, mo bẹ̀ yín. Kì í ṣe gbogbo ìgbà la ó máa wa Jésù jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún pósítà ìsọjí. Àwọn ọ̀dọ́ tó mọ àwòrán yà wà nínú ìjọ yín. Ẹ fún wọn ní ògiri kan, kẹ́ ẹ sì sanwó ọ̀dà.

10. Àwòrán Màámi ṣì wà ní pálọ̀. Èmi ni mo ń nù ún báyìí. Ṣùgbọ́n ká ní mo mọ àwòrán yà ni, mo mọ èyí tí màá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀: ilẹ̀kùn onírin ilé wa, àti obìnrin kan tó wé gèlè, tó gbé kúlà dání, tó ń kànkùn. Jésù ni àbí ìyá ìjọ? Bẹ́ẹ̀ ni.

Àwòrán wo ló wà lára ògiri ilé tiyín? Ṣé ẹ ti bi ẹni tó gbé e kọ́ ìdí tó fi gbé e kọ́?